Igi Obì Kan Tó Kù Nínú Ọgbà Ìṣeré

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa bá tiẹ̀ lọ. Èmi kì í mu ọtí tàbí ohunkóhun tó ń pani, n kì í sì í wo fíìmù iwin. Télọ̀ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà dé, orí mi sì pé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i. Òwúrọ̀ ni. Oòrùn ti yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí nìyẹn, pé ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni. Ilẹ̀ ò ṣú. Mo ń rí ọwọ́ ara mi kedere.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tí n kì í sọ.

Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mélòó ni Ọlọ́run fún mi, méjì ni mo máa ń pè. Irọ́ ni. Mẹ́ta ni mo bí. Tiwa ti pé ọmọ ọdún méje, Dárà jẹ́ mẹ́rin, àwọn méjèèjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n Mofẹ́ ni àkọ́bí. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọdún kẹjọ rèé.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Bí ọmọ bá kú tí òbí rẹ̀ wà láyé, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní ìyá tó bá fojú kan ojú oórì ọmọ rẹ̀, yóò tún sin òmíràn. Nítorí náà wọ́n tì mí mọ́ yàrá, obìnrin ilé méjì dì mí mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, òun àti ọkùnrin kan tó gbé ọkọ́ dání ló gbé ọmọ mi jáde.

Ẹní rẹ̀ ni wọ́n fi wé e. Ẹní yẹn, màmá mi ló hun ún fún un nígbà tí a sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ Ògòtún ni wá, ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ àwa ará Ògòtún lẹní wà. Màmá mi ní àmì kan tó máa ń fi sí etí gbogbo ẹní tó bá hun: ẹja kéékèèké mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹlòmíràn ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ni òun ṣe ń hun ẹja mẹ́ta yẹn. Mi ò tíì rí i lára ẹní ẹlòmíràn.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Fèrèsé yàrá yẹn ò pa dé dáadáa. Mo gbọ́ tí Bàbá Àgbà ń sọ fún ọkùnrin ọlọ́kọ́ pé, "Abẹ́ ugi obì yẹn ni ká gbé e lọ. Oòrùn kì í pa ibẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí fún ọdún mẹ́jọ. Igi obì pọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mi ò kọjá lára ọ̀kan rí kí n má wo abẹ́ rẹ̀. Èmi kò fẹ́ ṣe nǹkan kan níbẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó wà. Ọmọ tí mo gbé sínú fún oṣù mẹ́sàn-án, mo fẹ́ lè nawọ́ sí ọ̀ọ́kán kí n sọ pé ibẹ̀ yẹn ló sùn sí.

Mo bi ọkọ mi. Ó ní òun náà ò mọ̀, pé òbí ni òun. Mo bi Bàbá Àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ tún sin òmíràn ni?" Mi ò bi í mọ́.

Nígbà tí mo bí Tiwa, wọ́n sọ mí di Ìyá Tiwa. Ìyá Mofẹ́ ni wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ yẹn mọ́ nínú ilé wa. Ẹ gbà mí gbọ́, Tiwa àti Dárà ò mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kankan. A ò ní fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Ohun kan tún kù tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, kì í di èjìká mú bí ọmọ yòókù. Etí mi ló máa ń dì mú, etí òsì. Á fi ìka méjì pa á pọ̀, á sì sùn lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ.

Ní ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá yìí, gbogbo ẹnu àwọn ọmọdé Ìkẹ́rẹ́ kò kúrò lórí ọgbà ìṣeré kan tó wà lójú ọ̀nà Ìgbàrà Odò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Jangilọ́fà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ẹṣin tó ń yípo wà níbẹ̀, ilé rọ́bà ńlá tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ máa ń fò lórí rẹ̀. Tiwa ò jẹ́ kí n gbádùn.

"Mọ́mì, nínú kíláàsì wa, àwa nìkan ló kù."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni. Gbogbo wọn ló ti lọ. Kódà ọmọ tí kì í san owó ìwé rẹ̀ ti lọ."

Dádì wọn kò fẹ́. Tíṣà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ ọgbà yẹn, ojú rẹ̀ á yí padà. "Kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ẹ lọ wo àpáta Olósùnta, ọ̀fẹ́ ni." Mo rò pé ahun ló ń ṣe é. Mo tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ. Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó lọ ṣe ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Adó fún ọjọ́ méjì ni mo rí àyè. Lọ́jọ́ kejì, mo ní ká tètè lọ, ká tètè padà, kó tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo ti wẹ̀ fún wọn. Ọlọ́kadà tó gbé wa wo àwọn ọmọ tí wọ́n wọ bàtà tuntun, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ bá wọn gbálẹ̀ ibẹ̀ ni?"

Aago méje kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀ àfi bàbá mégáàdì kan, orín lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. A kì í ṣí kí aago mẹ́sàn-án tó lù."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká wọlé jókòó. Ẹ̀gbẹ́ títì ò dáa fún àwọn ọmọ."

Ó wo àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni tó ń wo ohun tí mo pọ̀n. Mi ò pọn nǹkan kan. Ó ṣí géètì.

"Ẹ lọ jókòó sábẹ́ ugi ọ̀hún yẹn. Jangilọ́fà nìkan ni mo gbà fún wọn o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ."

Ó yọ àwọn bébà pẹlẹbẹ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ jáde lápò, èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti sanwó. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ Tiwa lọ́wọ́, ó lẹ ọ̀kan mọ́ Dárà. Ó wá na ẹ̀kẹta sí mi.

"Tẹnì kẹta rèé."

"Méjì ni wọ́n, sà."

Inú mi ò dùn, kí n má purọ́ fún yín. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pàápàá láàárọ̀. Bàbá náà tún wo ẹ̀yìn mi. Ó yọ orín lẹ́nu.

"Háà. Ó dáa," ó ní. "Ẹ ṣáà mú u dání."

Mo gbà á, mo sọ ọ́ sínú báàgì mi bó ṣe wà, pẹlẹbẹ, láìlẹ̀. Mo ní ojú arúgbó ni. Owó ọmọ méjì ni mo san fún un, mo sì san tèmi ṣìkẹta. Ẹ rántí pé mo sanwó. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Igi tó ní ká jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni igi kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo ọgbà yẹn. Wọ́n ti gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrú. Wọ́n fi ọ̀dà pupa, yẹ́lò àti búlúù kun ìdí rẹ̀, wọ́n ya ojú méjì àti ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì mọ ìjókòó yí i po. Mo jókòó. Èmi tí mo ti wo abẹ́ gbogbo igi obì Ìkẹ́rẹ́, mi ò gbójú sókè. Àwòrán tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ni mo rí.

Jangilọ́fà mẹ́ta ló tò níwájú mi. Tiwa jókòó sórí èyí tó wà lápá ọ̀tún, Dárà jókòó sórí ti àárín. Mo tẹ orí ba fóònù mi, mò ń dá oníbàárà kan lóhùn lórí búláúsì rẹ̀.

Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ìyá mọ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀, ẹ ò ní bá mi jiyàn ìyẹn. Ti Tiwa máa ń ga, ti Dárà máa ń fọ́. Èyí kẹta rẹlẹ̀, ó wá láti inú ikùn, bí ẹ̀rín ọmọ tí wọ́n ń rìn ní ìgìgìrì.

Mo gbójú sókè. Jangilọ́fà kẹta ń lọ, ó ń bọ̀. Mo wo ewé tó wà lórí mi. Kò mì. Mo ní bóyá wọ́n kọ lù ú ni.

Tiwa ti sọ̀kalẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn jangilọ́fà òfìfo náà, ó ń tì í. Ó ń rọra tì í, bí èèyàn ṣe ń ti ọmọ kékeré kó má bàa ṣubú.

Mo pè é. Ó sáré wá.

"Ta lò ń tì?"

"Ọmọ yẹn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó ilẹ̀, kò lè ti ara rẹ̀."

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ tó bá wa wọlé."

Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mi ò mọ ìdí tí mo fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo ní, "Tiwa, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀."

Òun náà rẹ ohùn tiẹ̀ sílẹ̀. "Ó ní ẹ pẹ́, mọ́mì."

"A ò pẹ́. Àwa la kọ́kọ́ dé. Wọn ò tíì ṣí."

"Mo sọ fún un. Ó ní rárá, ẹ pẹ́ gan-an. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń tètè dé."

Mo gbójú sókè láti wo Dárà. Jangilọ́fà tiẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, mi ò ní ṣàlàyé fún yín. Mo sáré. Mo wo ìdí ẹ̀rọ ẹṣin. Mo wo abẹ́ ilé rọ́bà tí wọn ò tíì fẹ́, tó rọ̀ sílẹ̀ bí awọ ẹran. Mo wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ń pariwo orúkọ rẹ̀. Odi ga yí ọgbà yẹn po, géètì sì wà ní títì, síbẹ̀ ọmọ mi ò sí níbì kankan. Mo ní lọ́kàn mi pé, bó ti rí nìyí, wọ́n ti sọ ọ́, wọ́n ní mo máa tún sin òmíràn.

Bàbá mégáàdì wá bá mi. Kò sáré. Ó gbé ìka lé ètè.

"Ẹ má pariwo," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Ẹ̀yìn igi yẹn ló wà. Láàárín ìjókòó sìmẹ́ǹtì àti ìdí igi, níbi tí ilẹ̀ ti fi díẹ̀ ṣófo, Dárà ká jọ bí ọmọ inú, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń sùn. Ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó fi ìka méjì pa etí òsì rẹ̀ pọ̀.

Mo gbé e. Mo yí ojú rẹ̀ sí mi.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Bí ẹ bá ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lórí ẹní rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń tẹ èèyàn lójú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi kún fún ojú ẹní, ìlà lórí ìlà, ó jìn. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹja kéékèèké mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn.

Mo wo ilẹ̀ tó sùn sí. Iyẹ̀pẹ̀ àti ewé gbígbẹ ni. Mo fọwọ́ gbá a. Kò sí ẹní.

Dárà la ojú díẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n sùn. Ó ní kí n wá sùn lórí ẹní òun."

"Ta ni?"

Ó gbé ẹnu sí mi létí. Ó ní, "Mofẹ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè wo igi náà. Mo rí ewé rẹ̀. Mo rí èso rẹ̀ tó so mọ́ ẹ̀ka tí wọ́n gé kúrú. Obì ni. Abẹ́ rẹ̀ tutù, oòrùn kò dé ibẹ̀ rárá.

Mo bi bàbá mégáàdì pé, "Oko ta ni ibí yìí tẹ́lẹ̀?"

Ó dárúkọ ilé. Ilé ọkọ mi ni. Ó ní oko kòkó wọn ni, pé bàbá àgbàlagbà kan ló ṣáájú wọn wá tà á. Ó ní wọ́n hú gbogbo igi, ó wá ku eléyìí, àwọn ẹbí ní kí wọ́n má hú u, wọn ò sọ ìdí.

"Ẹ ti ń rí i," mo ní.

"Òwúrọ̀ nìkan," ó ní. "Kí àwọn èèyàn tó dé. Bí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í wá. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó kàn máa ń dúró sẹ́nu géètì, á máa wo àwọn ìyá tó ń wọlé." Ó fi kún un pé, "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Ẹ̀yìn yín ló gùn nígbà tẹ́ ẹ wọlé."

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ẹ má dá mi lóhùn kíá. Ọmọ kan tutù léjìká mi, ọ̀kan di aṣọ mi mú, ó ń sunkún, ọ̀kan sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ jókòó. Ọlọ́run mi rí i, gbogbo ara mi fẹ́ jókòó kí n sì na ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú àwọn méjì yìí. Mo kó wọn, mo kọjú sí géètì.

Bí mo ṣe ń lọ, nǹkan di etí òsì mi mú. Ìka méjì. Ó pa á pọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò dùn mí, kò sì tutù. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mi ò bojú wẹ̀yìn, torí bí mo bá bojú wẹ̀yìn, mi ò ní lè lọ.

Mo fẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu géètì, ó jọ̀wọ́ etí mi.

Ọkọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Ara Dárà ti gbóná padà, ó ń jẹ bisikíìtì, ṣùgbọ́n ojú ẹní yẹn ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ o. Dádì rẹ̀ gbé e láti fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì rí i. Ó fi àtàǹpàkò tọ ẹja mẹ́ta yẹn. Ó gbé ọmọ sílẹ̀, ó sì fìdí jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ìpàdé.

"Ẹ lọ síbẹ̀," ó ní.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pe ọkọ mi ní "o".

"O mọ̀."

"Ìyá Tiwa…"

"Ṣé o mọ̀?"

"Nígbà tí mo sọ fún ọ pé mi ò mọ̀, mi ò mọ̀ lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ ni Bàbá Àgbà tó sọ fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi igi yẹn sílẹ̀."

"O fọwọ́ sí ìwé."

"Gbogbo ọkùnrin ilé ló fọwọ́ sí i."

"Kí lo fi owó tìrẹ ṣe?"

Ó kàn gbójú sókè. Èmi náà gbójú sókè. Páànù tuntun tí a kàn ní ọdún méjì sẹ́yìn ni, èyí tí mo dúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo jó, tí mo ní Ọlọ́run ti dáṣọ bo ìhòòhò wa.

Ọdún méjì ni mo ti ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá Àgbà lọ́jọ́ kejì. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó mọ̀ mí nípa ẹsẹ̀. Ó ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, pé mo ti fojú kan ohun tí kò yẹ ìyá. Ó ní nítorí mi ni wọ́n ṣe fi pamọ́, kí n má bàa tún sunkún. Mo ní, "Bàbá, ẹ ta ibẹ̀." Ó ní ilẹ̀ ni òun tà, òun ò ta ọmọ. Kò bi mí bóyá ara Mofẹ́ le. Mo mọ̀ pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Mo ṣì fẹ́ kó bi mí.

Mo ti rò ó títí. Àṣà ló ní kí n má mọ̀. Mo gbà, àgbà ló dá a sílẹ̀, bóyá àánú ló fà á. Ṣùgbọ́n àṣà kọ́ ló ta ilẹ̀. Àṣà kọ́ ló ya ojú àti ẹnu sára igi tí ọmọ mi sùn sí ìdí rẹ̀, tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ wá ń gùn ún. Èmi tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ débẹ̀ láéláé, mo sanwó kí n tó wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta, mo tú báàgì mi láti wá abẹ́rẹ́. Bébà pupa ẹ̀kẹta yẹn wà nínú rẹ̀. Pẹlẹbẹ ni mo sọ ọ́ síbẹ̀, mo ti sọ fún yín. Ó ti lẹ̀ báyìí, ó ti di òrùka, bí èyí tí ọmọ fi sọ́wọ́. Mo gbìyànjú kí n ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́. Ìka mẹ́ta péré ló gbà. Ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rin ni. Mi ò lè sọ ọ́ nù. Inú Bíbélì mi ló wà.

Dárà ti ń di etí rẹ̀ mú bó bá ń sùn. Kì í ṣe é tẹ́lẹ̀. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóru, mo ti dìde jókòó. Nígbà mìíràn mo máa ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo máa ń bá a lẹ́nu ọ̀nà tó dúró pẹ̀lú aṣọ ìsùn. Á ní, "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ ká pẹ́." Mo máa ń gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Dádì rẹ̀ máa ń kọjú sí ògiri bí ẹni tí kò gbọ́.

Bí mo bá padà lọ, wọ́n ní mo ń fọwọ́ ara mi pe ikú òmíràn. Bí mi ò bá lọ, ọmọ kan wà tó ń dúró sẹ́nu géètì láràárọ̀, tó ń wo ojú àwọn ìyá. Mi ò tíì lọ. Mi ò sì tíì lè sọ pé mi ò ní lọ.

Ṣé ẹ rí i, bí wọ́n bá fẹ́ gbé tiyín jáde, kí Ọlọ́run má jẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè. Bí wọ́n bá dì yín mú lápá, ẹ fi ẹnu bi wọ́n. Bí ẹ bá sì ń kó àwọn ọmọ lọ síbi ìṣeré lọ́lidé, ẹ béèrè ohun tó wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ má sì tètè dé. Ẹ jẹ́ kí ariwo ti kún ibẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ ka àwọn ọmọ yín, ẹ má wò ó pé a kì í ka ọmọ. Kì í ṣe kí wọ́n má bàa dín nìkan ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá ṣèèṣì pé ojú ọ̀nà Ìgbàrà Odò lẹ gbà, tí ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, tí nǹkan kékeré kan sì di etí òsì yín mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kígbe mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ní òun ò mọ̀ ni. Ẹ sọ fún un pé ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti tètè dé.